Kamina nítòsí Atakpamé: Ibùdó Wáyà tó ń Ti Ọkọ̀ Ogun Lẹ́yìn, 1911–1914

Ọkọ̀ ogun ojú omi tí ń gbé bàálù kì í dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni bàálù akẹ́rù C-2 Greyhound bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà, èrò àti ẹ̀yà ẹ̀rọ láti orí ilẹ̀ lọ bá ti Amẹ́ríkà láàárín òkun. Irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí ní ilẹ̀ àwọn Ana, ìyẹn àwọn Ifẹ̀ Atakpamé, kí bàálù akẹ́rù tó dáyé. Ìròyìn ni ẹrù tibẹ̀.

Ní 1911 ni ilé-iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó wáyà aláìlókùn sí Kamina. (Okùn irin ni ‘wáyà’ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́nu Yorùbá ó ti di iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ rán. Ẹ má jẹ́ kí ‘wáyà aláìlókùn’ rú yín lójú.) Baron Anton Codelli, ẹnjiníà ará Ljubljana, ni ọ̀gá iṣẹ́, àwọn lébìrà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi agbára wọn gbé òpó nàró. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà 1914, Kamina ti ń gba iṣẹ́ láti Nauen lẹ́bàá Berlin, ọ̀nà tó lé ní 5,000 kìlómítà.

Bí ogun ṣe bẹ́ ní Oṣù Kẹjọ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé okùn wáyà Jámánì tó wà lábẹ́ òkun. Kamina wá di ẹnu ọ̀nà: ibẹ̀ ni Nauen ń gbà bá ọkọ̀ ogun inú Àtìláńtíìkì àti àwọn ilẹ̀ Jámánì mìíràn ní Áfíríkà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ 229 ló gba ibẹ̀ kọjá lóṣù náà. Ọkọ̀ tí kò gbọ́ ibi tí ọ̀tá wà, tí kò mọ ibi tí yóò ti pàdé ẹni tó gbé èédú wá fún un, ó ti há. Lójú tèmi, nítorí àwọn òpó wọ̀nyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe sáré wọ Tógò. Adelé gómìnà, von Doering, bẹ̀ wọ́n kí Tógò má dá sí ogun náà. Wọn kò gbà.

Àwọn Jámánì fi Lomé sílẹ̀ láìjà, wọ́n forí lé ìhà Kamina. Ní 22 Oṣù Kẹjọ, wọ́n dá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dúró létí odò Chra, wọ́n sì ṣe wọ́n léṣe. Síbẹ̀ wọ́n kúrò níbẹ̀ lóru. Lóru 24 mọ́ 25, àwọn fúnra wọn wó òpó Kamina, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ. Ní 26 ni wọ́n túúbá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Highflyer ká Kaiser Wilhelm der Grosse mọ́ Río de Oro níbi tó ti ń gba èédú, ìyẹn náà sì rì. N kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò láàárín ara wọn. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Atakpamé bọ́ sí: ìdí nìyẹn tí ọmọ Ana fi ń ka ìwé ní Faransé, tí ìbátan rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì.