Láti Ojú Òrùn Dé Apá Irin: Bí Àwọn Onífọ́tò Wa Ṣe Wá Ìmọ́lẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, àwọn olóyè àti àwọn tó kọ́kọ́ dé ìlú Kàdúná ni a sábà máa ń kọ̀wé nípa wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kọ nípa àwọn tó ya fọ́tò gbogbo wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wá ìmọ́lẹ̀ ni a fẹ́ tọ̀, láti ojú òrùn títí dé apá irin gígùn tí wọ́n ń pè ní boom.

Iṣẹ́ fọ́tò ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. George S. A. da Costa, ará Èkó, jẹ́ alákòóso ilé ìtàwé CMS títí di 1895, kí ó tó gbájú mọ́ fọ́tò yíyà. Òun ni ìjọba gbé iṣẹ́ fún láti ya bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà rélùwéè ní Àríwá. Ìwé Red Book of West Africa tí Allister Macmillan ṣe ní 1920 yìn ín gidigidi. Ọmọ Yorùbá mìíràn, Herzekiah Andrew Shanu, ti dé Kóńgò láti 1884, ó sì ya fọ́tò púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Yorùbá ṣí sítúdíò káàkiri Côte d'Ivoire. Rélùwéè kan náà ló kó ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá sí Kàdúná, tó di olú-ìlú Àríwá ní nǹkan bí 1917: akọ̀wé, télọ̀, oníṣòwò, àti onífọ́tò.

Òrùn ni iná tí àwọn ará àtijọ́ kọ́kọ́ lò. Wọn a ta aṣọ mọ́ ara ògiri nínú àgbàlá, wọn a fi aṣọ funfun rọ ìmọ́lẹ̀ tó bá le jù. Kódà Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, ojú òrùn ló fi ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Kàdúná mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí ojú ọ̀run, ó sì mọ̀ pé oníbàárà tó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ kò lè dúró de òrùn ọ̀la. Ní 1929 ni iná mànàmáná ìjọba dé ìlú yìí. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti máa ya fọ́tò lálẹ́.

Kí ni àwọn ènìyàn wa ń fẹ́ nínú fọ́tò? Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé ẹni tó ń ya fọ́tò a jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a kọjú sí kámẹ́rà, a gbé ọwọ́ lé itan, kí aṣọ rẹ̀ sì hàn láti òkè dé ilẹ̀. Ó so èyí mọ́ ohun tí Robert Farris Thompson ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ èrè gbígbẹ́ dáadáa: ìfarahàn, pé kí ojú, ẹnu àti ìka hàn kedere. Nítorí náà, fọ́tò tí gèlè ti wọ inú òkùnkùn, tí a kò sì dá ẹyinjú mọ̀, kò tíì pé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le. Bí iná méjì bá wà ní iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ojú yóò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irun dúdú àti fìlà dúdú yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀yìn tó bá ṣókùnkùn. Ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iná kékeré láti òkè, lẹ́yìn orí. Bí a bá gbé igi iná síbẹ̀, yóò hàn nínú fọ́tò. Bí a bá fi okùn so gílóòbù mọ́ àjà, ojú kan ni yóò wà, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tàbí géńdé ni ó jókòó sísàlẹ̀.

Apá irin ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Hollywood, George Hurrell tó wọ ilé iṣẹ́ MGM ní 1930 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó kọ́kọ́ mú apá gígùn tí wọ́n fi ń gbé makirofóònù sókè, tó sì fi iná sí i lórí. Igi iná yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá yóò nà kọjá, iná yóò wà lókè orí, kámẹ́rà kò sì ní rí igi.

Bí òṣùwọ̀n ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá wọn kílò 2, tó sì jìnnà sí igi ní sẹ̀ǹtímítà 150, ìlọ́po méjèèjì jẹ́ 300. Kílò 5 ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní apá kejì yóò fún wa ní 300 náà. A óò fi díẹ̀ kún un, nítorí apá tó gùn jù wúwo ju èkejì lọ. Kí ẹsẹ̀ igi kan kọjú sí ìhà tí iná wà, kí a gbé àpò yanrìn lé àwọn ẹsẹ̀ náà, kí a sì fi okùn so iná mọ́ apá, kí ó má baà já lé oníbàárà lórí. Iná òkè nìkan kò tó o: ihò ojú yóò ṣókùnkùn. Iná iwájú gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ wa tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ní irú apá yìí, iná LED tó ń lo bátìrì sì wà lórí rẹ̀, tí Nẹ́pà kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n níbo ni fọ́tò àwọn bàbá wọn wà? Rògbòdìyàn 2000, ti 2002 àti ti 2011 jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ní ìlú yìí. Ilé tó jóná ṣeé tún kọ́, ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù tó jóná ti lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jóná: ọ̀gá onífọ́tò kú, wọ́n nílò yàrá, wọ́n da àpótí rẹ̀ sí ààtàn.

Nítorí náà, a ń rọ gbogbo ìdílé. Ẹ kó fọ́tò àtijọ́ jáde. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ọdún àti àdúgbò sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà ṣì lè dá wọn mọ̀. Ẹ tọ́jú nẹ́gátíìfù sínú ìwé gbígbẹ, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀. Ẹ sì pe àwọn ọmọ wa tó ní apá irin. Apá tó ń gbé iná lè gbé kámẹ́rà pẹ̀lú, kó dojú rẹ̀ kọ orí tábìlì. Bí a bá tẹ́ fọ́tò àtijọ́ síbẹ̀, tí iná méjì dà á láti ẹ̀gbẹ́, tí kò sì kọ mọ̀nà, ẹ̀dà tuntun yóò jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Bí a bá ṣe èyí kí ìwé ìrántí ọdún tó ń bọ̀ tó jáde, àwọn tó wá kí wa tó wá yóò farahàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.