29 Oṣù Kẹfà: Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ nínú Ìtàn Ìjọ Wa

Ní ọdọọdún, bí 29 oṣù kẹfà bá ti pé, àwọn ìjọ tí ń jẹ́ orúkọ Pétérù Mímọ́ láàrin wa, láti Aké ní Abẹ́òkúta dé Arémọ ní Ìbàdàn àti Fájì ní Èkó, ní ọjọ́ orúkọ wọn láti rántí. Aṣọ pupa ni a máa ń tẹ́ sórí pẹpẹ, nítorí ajẹ́rìíkú ni Àpọ́sítélì náà. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìrántí Pétérù fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjọ́ yìí ti mú ohun ńlá bá Ìjọ ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 29 péré: lẹ́ẹ̀kíní pẹ̀lú ọlá kíkún, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọlá tí a gé sí méjì. Ti àkọ́kọ́ ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Ti èkejì ni a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù, òun gan-an ni ó sì mú wa gbé ọjọ́ náà yẹ̀wò fún ẹ̀yin olùkàwé wa.

Àjọ̀dún náà ti pẹ́ jọjọ. Kàlẹ́ńdà kan tí a ṣe ní ìlú Róòmù ní ọdún 354 ti kọ orúkọ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù sí abẹ́ ọjọ́ yìí, ó sì so ó mọ́ ọdún 258, nígbà tí Ọba Valerian ń ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́. Augustine Mímọ́, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, wàásù lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, àwọn ìwàásù rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀ títí di òní. Ìjọ Àgùdà ń rántí àwọn Àpọ́sítélì méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a ṣe Ìwé Àdúrà ti ọdún 1549, Pétérù nìkan ni a fi ọjọ́ náà sílẹ̀ fún. Pọ́ọ̀lù ti ní ọjọ́ ìyípadà tirẹ̀ ní 25 oṣù kìn-ín-ní. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ ni àwọn baba wa nínú Ìjọ Áńgílíkà ń pè é.

Ní ti àwọn ará wa Àgùdà, ọjọ́ pàtàkì ni ó jẹ́ ní Róòmù. Lọ́jọ́ náà ni Póòpù máa ń súre sí aṣọ ọrùn tí a fi irun àgùntàn hun fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà tuntun. Ní 29 oṣù kẹfà 1868 ni Póòpù Pius Kẹsàn-án kéde pé kí Ìgbìmọ̀ Àkọ́kọ́ ti Vatican péjọ, ìgbìmọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 1869. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 1951, ní ìlú Freising ní Jámánì, a fi Joseph Ratzinger àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Georg jẹ àlùfáà pọ̀. Joseph yìí ni ó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ní ọdún 2005, ó sì kú ní 31 oṣù kejìlá 2022. Ẹ fi ọjọ́ ikú yìí sọ́kàn. A óò tún bá a pàdé.

Kí ni ó mú kí ìyàsímímọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù máa bọ́ sí Ọjọ́ Pétérù Mímọ́? Kì í ṣe èèṣì. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 pa á láṣẹ pé Ọjọ́ Ìsinmi tàbí ọjọ́ mímọ́ kan ni kí a máa ya bíṣọ́ọ̀bù sí mímọ́. Bí kò bá ti jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ ọ̀kan nínú àwọn Àpọ́sítélì ni a máa ń wá, ìwọ̀nba ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ láàrin ọdún. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé Ọjọ́rú ni ti Crowther, Ọjọ́bọ̀ sì ni ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Ní Ọjọ́rú náà, 29 oṣù kẹfà 1864, ọkùnrin mẹ́ta ni ó kúnlẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Charles Longley nínú Kàtídírà Canterbury. Francis Jeune ń lọ sí Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Charles Bromby ń lọ sí erékùṣù Tasmania. Ẹnìkẹta ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú mú ní ọdún 1821 nígbà tí wọ́n kó ìlú rẹ̀. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 7 oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀ tí ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 11 oṣù kejìlá 1825.

Àwọn méjì kan wà nínú kàtídírà lọ́jọ́ náà tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi máa dárúkọ fún àwọn ọmọdé. Ọ̀kan ni Leeke fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ti dàgbà tí ó sì ti di ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Èkejì ni ìyàwó John Weeks, míṣọ́nárì tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Sàró nígbẹ̀yìn. Obìnrin yìí ni ó kọ́ Àjàyí ní A, B, D nígbà tí ó jẹ́ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já gbà lóko ẹrú. Ẹni tí ó yọ ọ́ nínú ọkọ̀ àti ẹni tí ó fi ìwé lé e lọ́wọ́ jókòó, wọ́n sì ń wò ó bí ó ti ń di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Kì í ṣe pé Crowther wá ipò náà lọ. Henry Venn, akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀n, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Èrò Venn ni pé kí Ìjọ ní Áfíríkà máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Nígbà náà Crowther ti jẹ́ àlùfáà fún ọdún 21. Ó ti wà lára àwọn tí ó dá iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, níbi tí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ó ti bá àwọn ọkọ̀ tí ó wọ Odò Ọya lọ ní ọdún 1841, 1854 àti 1857. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àṣẹ tí a fi lé e lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bíṣọ́ọ̀bù àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba Ọbabìnrin ni a fi í jẹ. Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861, nítorí náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, síbẹ̀ a kò fi wọ́n sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni wọ́n wà. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́: àwọn míṣọ́nárì aláwọ̀ funfun tí ó wà níbẹ̀, tí Henry Townsend jẹ́ aṣáájú wọn, kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ṣe olórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ilé rẹ̀ wà ní Èkó, kò ní àṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ìjọ tí ń sọ èdè rẹ̀. Odò Ọya ni a fi ṣe ilẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ó jìnnà, tí ó léwu, tí owó sì ṣọ̀wọ́n.

Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 27. Venn kú ní ọdún 1873. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún 1880 sí 1889, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì tí èrò wọn yàtọ̀ ti dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó tí a ṣe ní Oníṣà, wọ́n dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Dandeson, tí í ṣe Áàṣídíákónì, sì wà lára wọn. Baba arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní 31 oṣù kejìlá 1891, ọjọ́ kan náà tí a sọ lókè.

Ìyẹn ni ó gbé wa dé Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ kejì. Ikú Crowther bá Èkó nínú ìrunú. Ìjọ United Native African ti yapa ní oṣù kẹjọ 1891, àwọn ìjọ etí Òkun ní Niger Delta sì kéde ní ọdún 1892 pé àwọn yóò máa ṣe àkóso ara wọn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè ni pé, ta ni yóò jókòó sórí àga Crowther? Ẹgbẹ́ C.M.S. yan Joseph Sidney Hill, aláwọ̀ funfun. Ní 29 oṣù kẹfà 1893, nínú Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Lọ́ńdọ̀n, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Edward Benson ya Hill sí mímọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà méjì tí yóò jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ kékeré nínú iṣẹ́. A bí Olúwọlé ní Abẹ́òkúta, ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì ti jẹ́ olórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama C.M.S. ní Èkó láti ọdún 1879. Phillips ti wà ní Oǹdó láti ọdún 1877. Òun àti Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ni ìjọba Èkó rán láti bá Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ sọ̀rọ̀ kí ogun Kírìjí lè parí ní ọdún 1886. Ẹni tí ó ti dúró láàrin àwọn ọmọ ogun méjì mọ bí a ti ń ṣe àkóso ènìyàn.

Síbẹ̀ olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ lè fi ọwọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ lórí, ó lè fi díákónì àti àlùfáà jẹ bí olórí rẹ̀ bá rán an, ṣùgbọ́n kò ní dáyósíìsì. Ààbọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni àwọn kan ń pè é nígbà náà. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé ìlọsíwájú ni: méjì ni a gbà dípò ọ̀kan. A kò gbà pẹ̀lú wọn, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù méje ni ẹ̀rí wa. Hill kú ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní 1894, kété tí ó débẹ̀. Àga náà ṣófo. Bíṣọ́ọ̀bù méjì tí a ti yà sí mímọ́, tí wọ́n gbọ́ èdè, tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọgbà náà, wà nílẹ̀. Herbert Tugwell, tí ó dé Èkó ní ọdún 1890 péré, ni a yàn, a sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 1894 kan náà.

Phillips kú ní ọdún 1906. Olúwọlé pẹ́ láyé títí di ọdún 1932, kò sì ní dáyósíìsì tirẹ̀ rí. Lẹ́yìn Tugwell, Melville Jones ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Èkó ní ọdún 1919, bàbá náà ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 1952 ni Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ẹ̀gbọ́n Isaac Akínyẹlé tí ó jẹ Olúbàdàn, di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Dáyósíìsì Ìbàdàn. Láti ikú Crowther, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ọjọ́ náà tún padà wá. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, 29 oṣù kẹfà 2008, àwọn Áńgílíkà tí iye wọn lé ní 1,000 tí ó péjọ sí Jerúsálẹ́mù fi ìkéde onígbólóhùn 14 jáde lórí ìgbàgbọ́ àti ìlànà Ìjọ. Peter Akinọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ olórí Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ohun yòówù tí olùkàwé lè rò nípa ìkéde náà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó bèèrè bóyá ọmọ Áfíríkà lè ṣe olórí aláwọ̀ funfun.

Ní ọdún 2014, Ọjọ́ Ìsinmi ni 29 oṣù kẹfà tún bọ́ sí, ó sì pé 150 ọdún tí a ya Crowther sí mímọ́. Nínú Kàtídírà Canterbury kan náà ni a ti ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà. Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, wàásù, ó sì tọrọ àforíjì fún ìyà tí àwọn ará Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ Crowther. Ti Crowther ni a rántí lọ́jọ́ náà. Ti Olúwọlé àti Phillips, tí a ṣe ní Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ó pé 121 ọdún lọ́jọ́ kan náà.

Fún àwọn àlùfáà tí ń múra ìwàásù: ọjọ́ ikú Crowther, 31 oṣù kejìlá, ni kàlẹ́ńdà Ìjọ fi ń rántí rẹ̀, ọjọ́ tí ìsìn àìsùn ọdún tuntun sì máa ń gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ìtàn rẹ̀ àti ti àwọn méjì tí ó tẹ̀ lé e ní kíkún, Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ ni àyè wà.