Ìtàn Ilé Ìtàwé Michaux ní Harlem

Ìtàn tí mo mú wá sínú ìwé ìrántí yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn oníṣòwò bí tiwa ni.

Ọ̀gbẹ́ni Lewis Michaux, ènìyàn dúdú ará Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọmọ Harlem. Àtìpó ni níbẹ̀, bí àwa náà ti jẹ́ níhìn-ín. Ó ti ṣiṣẹ́ oko rí, ó ti nu fèrèsé, ó sì ti ṣe díákónì nínú ìjọ arákùnrin rẹ̀. Ní 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ní Òpópónà Keje ní Harlem, lẹ́bàá Òpópónà 125. Ìwé márùn-ún péré ni wọ́n ní ó fi bẹ̀rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ó ń sùn, ọjà tí ó ń tà lójúmọ́ nígbà mìíràn kò sì ju sẹ́ǹtì 75 lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọjà tí kò tà rí yóò mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí ó sọ ìtàn ènìyàn dúdú ni ó gbájú mọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní ìwé inú rẹ̀ lé ní 200,000. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè jókòó kà á níbẹ̀. (Èmi kò lè jẹ́ kí oníbàárà lo aṣọ mi kí ó tó san owó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn.) Malcolm X wà nínú àwọn tí ń kàwé níbẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni ó sì ti ń bá èrò sọ̀rọ̀. Òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ ní Ọmọwálé ní 1964.

Ọ̀ràn kan dun Michaux gidigidi ní 1958. Dókítà Martin Luther King wá sí Harlem ní oṣù kẹsàn-án láti buwọ́ lu ìwé rẹ̀ fún àwọn tí ó bá rà á. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Blumstein, ti òyìnbó, ni wọ́n gbé e lọ. Blumstein kì í ṣe ilé ìtàwé! Ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni àwọn ará Harlem kọ̀ láti ra ọjà rẹ̀ ní 1934, nítorí pé kì í gba ènìyàn dúdú sí iṣẹ́ ìtajà. Michaux bínú, ó sì sọ ọ́ síta. Lójú tèmi, ó jàre. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé ti fi irin tí a fi ń ṣí lẹ́tà gún King ní àyà. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́.

Ní 1968, ìjọba ìpínlẹ̀ New York, lábẹ́ Gómìnà Rockefeller, ní kí ó kúrò kí àwọn lè fi ilẹ̀ náà kọ́ ọ́fíìsì. Ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹrù ọmọlanke, síbẹ̀ ó kó o lọ sí Òpópónà 125. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún dé bá a níbẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn pa ní 1974, lẹ́yìn ọdún 42. Ó kú ní 1976. Ilé ìjọba alájà 19 ni ó dúró síbi ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ náà. Orúkọ Adam Clayton Powell ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1983.