Ẹran Imú Tó Tún Hù: Òṣùwọ̀n Dókítà àti Ẹnu Aláìsàn

Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà imú ń lò jù fún ẹran tó hù sínú imú bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì parí sí 4 fún ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn eegun pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri imú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹran tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ kọjá eegun àárín gba 1. Èyí tó dí ihò náà pa gba 4. Èrò mi ni pé òṣùwọ̀n yìí nìkan kò tó láti fi dá ọ̀rọ̀ ẹni tó ti gba iṣẹ́ abẹ.

Imú tí wọn kò tíì fi abẹ kàn ni òṣùwọ̀n náà bá mu. Iṣẹ́ abẹ a máa ṣí àwọn sáínọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ihò inú eegun ojú, sílẹ̀ gbayawu. Ẹran lè hù padà lókè níbẹ̀ láì sọ̀ kalẹ̀, kí dókítà kọ 1, nígbà tí aláìsàn kò gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀ mọ́. Ó sì lè máa hù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí èémí ṣì máa lọ geere, kí aláìsàn ní ara òun le.

Ẹnu aláìsàn ńkọ́? SNOT-22, ìwé ìbéèrè tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń dáhùn nípa ìnira rẹ̀, ní ìbéèrè 22, àròpọ̀ rẹ̀ tó ga jù sì jẹ́ 110. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales lọ́dún 2000, lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 3,000 tí wọ́n gba iṣẹ́ abẹ imú, ohun tí àwòrán CT fi hàn kò bá ìnira tí aláìsàn sọ mu. Láàárín ọdún márùn-ún, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn tó tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Àbùkù SNOT-22 lójú tèmi ni pé ìbéèrè ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ló kan òórùn àti adùn. Àròpọ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ òórùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọyẹ́ àti eruku òwú lè dí imú ahunṣọ òkè tí kò ní ẹran kankan nímú, nítorí náà imú dídí nìkan kò tó ẹ̀rí. Àìgbóòórùn ló tọ́ka sí ẹran jù. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ tí kò lè fi imú mọ èyí tó ti bu, ọjà rẹ̀ ti wọ gàù, bó tilẹ̀ jẹ́ òdo ni wọ́n kọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ abẹ yìí ní UCH, Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí aláìsàn máa béèrè òórùn lọ́tọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí òórùn bá tún sọnù fún, ẹ pè é wá kí ẹ fi awò wo imú rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.