Kúùkù Tó Mọ Ìṣirò Òṣùpá

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa pé, "Ìmọ̀ yẹn kọjá irú wa." Ìtàn kan rèé tí a fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Láyé àtijọ́, bí ọkọ̀ bá ti wọ agbami, kò sí igi, kò sí òkè tí èèyàn lè fi sàmì. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Sextant ni irinṣẹ́ rẹ̀, ohun àmúsọ́wọ́ kan tó ní dígí méjì. Atukọ̀ á gbé e sójú, á fi dígí yẹn fa oòrùn wálẹ̀ títí yóò fi kan ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run, á wá ka iye dígírì rẹ̀. Ìyẹn ṣì rọrùn. Iṣẹ́ ńlá ni kí wọ́n wọn àlàfo àárín òṣùpá àti ìràwọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé òǹkà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti 1767 mọ aago tó ń lù ní Greenwich. Bí aago ibi tí ọkọ̀ wà bá fi wákàtí kan yàtọ̀ sí ti Greenwich, dígírì 15 ló fi jìnnà sí i. Ìṣirò gígùn ni, ọ̀pọ̀ atukọ̀ ló ń sá fún un.

Nathaniel Bowditch ò sá ní tiẹ̀. Ìlú Salem ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1773. Ọmọ ọdún 10 ló wà tó fi kúrò nílé ìwé torí àìlówó. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò. Nígbà tó wọ ọkọ̀, ó ń kọ́ àwọn atukọ̀ lásán náà. Ní 1802, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde fún wọn.

Ní 1817, ọkọ̀ Salem kan, Cleopatra's Barge, gúnlẹ̀ sí Genoa ní Ítálì. Baron von Zach, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀, wọ inú rẹ̀, ó ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ní kúùkù àwọn pàápàá mọ ìṣirò òṣùpá. Wọ́n pè é. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló jáde, aṣọ ìdáná funfun ní ìdí rẹ̀, adìyẹ lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Baba bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn, ó ń dárúkọ àwọn tó ṣe ọ̀nà ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Zach fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ rántí o, lọ́dún yẹn, wọ́n ṣì ń ta aláwọ̀ dúdú lọ́jà ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kan náà.

Ọlọ́run tó gbé òṣùpá sójú ọ̀run ò kọ orúkọ ẹnì kankan sí i lára. Ẹni tó bá jókòó kọ́ ọ ló ni ín. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì yín yẹn, ẹ fún un ní ìwé.