Táyà Olówó Pọ́ọ́kú Lórí Ilẹ̀ Pupa Kétu

Okpomèta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a bo ewé bo òrùlé. Bí òjò oṣù kẹrin bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Lórí irú ilẹ̀ yìí ni àwọn onízém, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọlọ́kadà, ti ń fi alùpùpù gbé ènìyàn, àgbàdo, ẹ̀pà àti gbáàgúdá. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ táyà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gun alùpùpù jẹun, ìdájọ́ kì í pẹ́: èyí tí kò wọ́n, pàǹtí ni. Wọn a ní ó máa ń bẹ́ lójijì, ó máa ń yọ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ dán. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí bákan náà. Ká tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká bi táyà léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Rọ́bà àtijọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí oòrùn bá mú un, a rọ̀ bí àmàlà. Bí òtútù bá mú un, a le gbagidi. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi iná pa rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, yóò dúró ṣinṣin nínú ooru àti òtútù. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ yẹn ni àwọn fọ́kánáísà wa ṣì ń jẹ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lílẹ̀ ni tiwọn. Robert William Thomson, ará Skọ́tílándì, gba ìwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́ ní 1845, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó náání rẹ̀. Ó di 1888 kí John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, tó tún ọgbọ́n náà dá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Táyà ìgbà náà kò dúdú. Àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti wàrà ló ní, ó sì máa ń tètè jẹ. Ẹ̀yìn 1910 ni àwọn oníṣẹ́ táyà bẹ̀rẹ̀ sí í po èéfín dúdú tí wọ́n rí lára epo tí a jó mọ́ rọ́bà, tí ojú táyà wá ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Lónìí, rọ́bà igi, rọ́bà àfọwọ́ṣe, èéfín, òróró, òwú nylon àti wáyà etí rẹ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀ di ohun tí a ń pè ní táyà. Bí ọbẹ̀ ni. Orúkọ ọbẹ̀ kò sọ iye ẹja tó wà nínú ìkòkò, owó tí wọ́n sì ń ta àwo rẹ̀ kò fi gbogbo ara sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mobylette àwọn Faransé ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí Yamaha Jàpáàn tó dé. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé déédéé mọ́, tí báǹkì sì ń wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ alùpùpù di oko. Àwọn Fọ̀n pè é ní zémidjan, ìyẹn “gbé mi kíákíá”, a sì gé e kúrú di zém. Lẹ́yìn náà ni 11 oṣù kìíní 1994 dé. Lọ́jọ́ náà, 50 owó sẹ́fà tó ń ṣẹ́ faranki Faransé kan di 100. Ohun gbogbo tó ń ti Faransé bọ̀ di ìlọ́po méjì, táyà kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ra táyà Michelin tẹ́lẹ̀ ní láti wo ibòmíràn. Ibòmíràn náà ni Éṣíà: alùpùpù Ṣáínà bíi Haojue wá kún títì, àwọn Bajaj àti TVS ti Íńdíà náà sì dé, tàwọn ti táyà ẹsẹ̀ wọn.

Lápá kejì ẹnu ibodè, ní Nàìjíríà, wọ́n ń ṣe táyà fúnra wọn nígbà kan. Dunlop bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárín àwọn ọdún 1960, Michelin wà ní Port Harcourt. Michelin dẹ́kun ṣíṣe táyà níbẹ̀ ní 2007, Dunlop tẹ̀lé e ní 2008. Iná mànàmáná tí kò dúró àti táyà tí ń ti òkèèrè wọlé ló borí wọn. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí à ń lò wá, ì báà gba Kútọnu wọlé, ì báà gba Èkó. Kétu tó wà lẹ́bàá ibodè wá di oríta ọjà méjèèjì. Lójú tèmi, àkókò yìí gan-an ni orúkọ burúkú náà lẹ̀ mọ́ táyà olówó pọ́ọ́kú, torí pé ojúlówó, ayédèrú àti àlòkù wọlé nínú àpótí kan náà. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pariwo títí lórí táyà tí wọ́n ń ki bọ inú ara wọn, kékeré nínú ńlá, kí kọ̀ǹtéénà kan lè gba púpọ̀ sí i. Táyà tí wọ́n bá ká bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wáyà etí rẹ̀ lè ti wọ́, okun inú rẹ̀ sì lè ti já. Bó bá wá bẹ́ lọ́nà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni à ń bú.

Orúkọ náà kò sì dúró sójú kan. Ìgbà kan wà tí ọjà Jàpáàn pàápàá jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń yínmú sí. Nígbà tí Shojiro Ishibashi dá ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1931, ó yí orúkọ ara rẹ̀, tó túmọ̀ sí “afárá òkúta”, padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pè é ní Bridgestone. MRF ti Íńdíà, bàlúùnù ọmọdé ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1946. CEAT tí a mọ̀ sí ti Íńdíà, ìlú Turin ní Ítálì ni wọ́n ti bí i ní 1924. Cheng Shin ti Taiwan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ló ń ṣe Maxxis tí àwọn olówó ń rà lónìí. Pirelli tí gbogbo ayé ń wárí fún, ChemChina rà á ní 2015. Ẹni tó bá ní táyà Ṣáínà kò dára, kó kọ́kọ́ sọ èwo.

Nípa bíbẹ́, n kò gbà pé táyà ni kí a kọ́kọ́ mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn alùpùpù Boxer: ẹ ó rí 3.00-17, ẹ ó sì rí 50P tàbí òǹkà bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 50 yẹn túmọ̀ sí pé kìlógíráàmù 190 ni táyà náà lè rù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. P túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ sáré kọjá kìlómítà 150 láàárín wákàtí kan. Wàyí o, alùpùpù fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 110. Ká ní awakọ̀ jẹ́ 65, kí ó sì di àpò àgbàdo méjì sẹ́yìn, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ di 375. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá wà lórí táyà ẹ̀yìn, 250 ni, ó fi 60 kọjá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ru kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, kò yàtọ̀: lítà 200 epo bẹntiróòlù súnmọ́ kìlógíráàmù 150. Táyà Faransé tí òǹkà rẹ̀ bá jẹ́ 50, 190 náà ni yóò rù. Òǹkà náà kò mọ ẹni tó lówó.

Ẹrù àpọ̀jù a máa mú kí ẹ̀gbẹ́ táyà ká sínú ká síta, kíká náà a di ooru, ooru a sì tú òwú inú rẹ̀ kúrò lára rọ́bà. Afẹ́fẹ́ tí kò tó ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà. Bẹ́ẹ̀, fọ́kánáísà tó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà dípò géjì pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Tíúbù àtijọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì tún ń kì bọ táyà tuntun. Kí ni táyà náà ṣe?

Ti pé ojú rẹ̀ ń tètè dán, ìyẹn wà lọ́wọ́ irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ táyà tí kò wọ́n tilẹ̀ le ju èyí tó wọ́n lọ, torí ohun tí onízém ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò ni èyí tí yóò pẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn yíyọ̀ ti wá, òun nìkan ni mo sì rí i pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Rọ́bà tó le kì í di ilẹ̀ tútù mú. Láti 1992 ni Michelin ti ń ta táyà ọkọ̀ tí wọ́n po silica, èròjà tí a ń rí lára iyanrìn, mọ́, kí ó lè di ọ̀dà tútù mú láìfi epo ṣòfò. Èròjà yẹn àti ọgbọ́n pípò rẹ̀ gba owó, táyà tó pọ́ọ́kú gan-an kì í sì í ní i tó. Nínú ẹrẹ̀ Okpomèta, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí bí gígé ojú táyà ṣe jìn tó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá po òróró àti eruku pọ̀, tí ọmọdé sì sáré kọjá títì, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ tí táyà fi yọ̀ síwájú lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, nínú ẹ̀sùn mẹ́ta, mo dá a láre nínú méjì, mo dá a lẹ́bi nínú ọ̀kan. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó táyà dáadáa méjì, kó fi èyí tó sàn sí iwájú, kó sì rọra sáré nínú òjò. Kó tó sanwó, kó wá òǹkà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó bá rí i pé táyà “tuntun” náà ti jókòó nínú oòrùn àtẹ fún ọdún mẹ́fà, tàbí pé wọ́n ti ha òǹkà rẹ̀ kúrò, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á.