Aago Ara Ògiri àti Àpótí Ọlọ́nà Rẹ̀

Aago àtijọ́ ara ògiri ni ọ̀rọ̀ wa, èyí tí àpótí rẹ̀ jẹ́ igi dídán, tí a fín ọnà sí lórí àti nídìí.

“Aago mélòó ni ó lù?” ni a máa ń béèrè. Orúkọ irin tí a ń lù ni ẹ̀rọ náà ń jẹ́ lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì: láti inú “clocca”, èyí tí í ṣe agogo ní èdè Látìnì ayé àtijọ́, ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn mọ́ńkì ní láti jí lóru kọ Sáàmù. Aago Kàtídírà Salisbury, tí a gbà pé wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1386, kò ní ojú rárá. Lílù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1656 ni Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Hólàńdì, fi irin tí ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún sínú aago. Irin náà ń fẹ́ àpótí tí yóò dáàbò bò ó. Ibẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti rí àyè.

Síbẹ̀, ọ̀wọ́n gógó ni. Ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi igi gbẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi a máa wú bí ọ̀rinrin òkun bá kàn án. Chauncey Jerome fi idẹ pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, ó sì kó aago lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1842. Iye owó tí ó kọ sílẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbodè fi rò pé irọ́ ni. Wọ́n sì san iye náà fún un, wọ́n gba ẹrù náà. Inú Jerome dùn, ó tún kó òmíràn wá! Àwọn ará Jámánì, bí ilé iṣẹ́ Junghans tí a dá sílẹ̀ ní 1861, kọ́ ọgbọ́n Amẹ́ríkà yìí pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì ń fi sínú oríṣiríṣi àpótí.

Nítorí náà ni ó ṣe ń dùn wá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń du àpótí bí wọ́n ti ń pín ogún baba, tí ẹni tí ó gbà á sì tú idẹ inú rẹ̀ dànù, tí ó fi ẹ̀rọ oníbátìrì sí i. Àpótí kù, agogo kò lù mọ́.

Ẹ tọ́jú idẹ náà. Ẹ má ṣe da òróró ìdáná sí i, nítorí eruku ọyẹ́ Kàdúná yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìró rẹ̀ bá ń tiro, ẹ sún ìsàlẹ̀ àpótí díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì títí yóò fi dọ́gba.